Aṣọ Ilé Ọ̀sán

Fẹ́mi, dúró ná, ọmọ mi. Gbé hámà yẹn kúrò lára ògiri. Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ kun ilé ẹgbẹ́ ní ọ̀dà tuntun kí àwọn àlejò tó dé lọ́la, ilé náà á sì rẹwà tẹ́ ẹ bá kùn ún tán. Mo tún mọ̀ pé ìṣó yẹn ti dípẹtà, pé ó ti ya yín ní ṣòkòtò, pé ẹ ò mọ irú ọ̀lẹ káfíńtà tó kan ìṣó mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn níbi tí kò ga ju orúnkún lọ. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ ni mo gbọ́. Etí mi kò tíì di. Ẹ wá jókòó síbí, ẹ má tíì ṣí ọ̀dà yẹn, kí n sọ bí ìṣó náà ṣe dé ibẹ̀ fún yín. Tí mo bá sọ ọ́ tán tẹ́ ẹ ṣì fẹ́ fà á yọ, kí ẹ fà á yọ.

Jikwoyi tẹ́ ẹ mọ̀ yìí kọ́ ni mo bá. Nígbà tí mo gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi dé Àbújá láti Ọ̀yọ́, ebè iṣu àwọn Gbàgyi tó ni ilẹ̀ ló wà lẹ́yìn ilé wa. Ọ̀nà tó lọ sí Karshi kún fún eruku débi pé tí bọ́ọ̀sì kan bá kọjá, a óò máa jẹ eruku rẹ̀ títí òmíràn á fi dé. Àwọn obìnrin tó ń gún ọkà bàbà ló ń jí wa láàárọ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn kọ̀ńdọ́kítọ̀ á bẹ̀rẹ̀: "Utako! Utako! Ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o!" Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà á sì rọ́ wọnú ọkọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń lọ sí mínísírì pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀ dáadáa, àti mẹkáníìkì, àti bíríkìlà, àti àwọn awakọ̀ tó ń ti gáréèjì Utako na ọ̀nà ilé. Bí wọ́n bá ti lọ tán, àdúgbò á pa lọ́lọ́. Ẹ̀rọ mi nìkan ló kù tó ń sọ̀rọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù mi lẹ́bàá ọ̀nà. Àwọn obìnrin sọ mí ní Bàbá Ọ̀sán, wọ́n ní èmi nìkan ni ọkùnrin tí oòrùn ń bá nílé. Mi ò bínú, òótọ́ ni wọ́n sọ.

Àwọn ọmọ ni ìyà rẹ̀ ń jẹ jù. Wọ́n á jáde nílé-ìwé lọ́sàn-án, bàbá àti ìyá kò sì ní í dé títí oòrùn á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀. Ẹ ò rí wọn nígbà náà, bí wọ́n ṣe máa ń jókòó sórí báàgì ìwé wọn lẹ́nu ilẹ̀kùn tí wọ́n tì, tí ebi á máa pa wọ́n, tí oorun á sì máa kùn wọ́n. Ìyá kan wà ládùúgbò, ọmọ Èkìtì, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ohùn rẹ̀ le, ó dà bíi pé gbogbo ayé ló fẹ́ gún lábẹ́rẹ́. Òun ló pe àwọn obìnrin jọ sábẹ́ igi máńgòrò, tó ní, "Àwa tá a wà nílé lọ́sàn-án, kí là ń wò?" Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ tẹ́ ẹ jogún yìí ti bẹ̀rẹ̀, láti ọjọ́ náà la sì ti ń pè é ní Ìyá Ẹgbẹ́.

Ètò tí wọ́n ṣe kò ní wàhálà nínú. Lójoojúmọ́, ilé kan á gba gbogbo ọmọ tó ń bọ̀ láti ilé-ìwé. Wọ́n á jẹun níbẹ̀, wọ́n á ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá wọn, wọ́n á sì ṣeré títí òbí wọn á fi dé. Ilé Ọ̀sán là ń pè é. Kì í ṣe ti Yorùbá nìkan o. Ọmọ Gbàgyi ń wá, ọmọ Ígbò ń wá, ọmọ Tiv ń wá, ẹni tébi bá sáà ti ń pa. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí kì í sí nílé lọ́sàn-án ló ń fi gàrí àti ẹ̀wà ránṣẹ́. Tó bá di Sátidé, àwọn fúnra wọn á wá sábẹ́ igi máńgòrò láti kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. Mo rí ọ̀gá kan láti mínísírì tó lóṣòó sínú iyanrìn, tó ń fi kóró máńgòrò kọ́ ọmọ mẹkáníìkì ní ìyọkúrò. Orí mi wú lọ́jọ́ náà, mi ò lè purọ́.

Báwo wá ni ọmọ ṣe máa mọ ilé tó kàn? Ẹ̀yin á ní ẹ kàn máa tẹ̀ ẹ́ sórí Wásáàpù. Fóònù dà nígbà yẹn? Aṣọ la fi ń mọ̀ ọ́n. Oníbàárà kan gbé àǹkárá sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi, kò sì padà wá mọ́ títí di òní. Tó bá wọlé báyìí, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Aṣọ náà pupa rúsúrúsú, wọ́n sì ya àgbébọ̀ adìẹ àti àwọn ọmọ rẹ̀ sí i káàkiri. Mo gé díẹ̀ nínú rẹ̀, mo ṣẹ́ ẹ létí, mo rán okùn sí i. Ilé tó bá kàn á so ó mọ́ ògiri tàbí fèrèsé tó kọjú sí ọ̀nà, sókè pátápátá, kí wọ́n lè rí i láti òkèèrè. Bí ọ̀sán bá ti tán, ìyá tó gba àwọn ọmọ lónìí á ká aṣọ náà, á fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e lọ fún ẹni tó kàn lọ́la. Ẹni tí wọ́n bá gbé e fún kì í kọ̀ ọ́. Ó lè ráhùn, ó lè ní ara òun kò yá, kí ẹgbẹ́ bá òun se oúnjẹ. Àmọ́ kò ní í kọ̀ ọ́.

Ewúrẹ́ Alhaji kan já aṣọ náà lọ lọ́jọ́ kan. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ó fi ẹnu fà á kúrò lára ògiri, ó ń gbé e lọ tìyangàn-tìyangàn, gbogbo ọmọ sì tò tẹ̀ lé e láìbéèrè. Ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí ni mo ti lọ kó wọn. Wọ́n ti bọ́ bàtà sílẹ̀, wọ́n jókòó yí ewúrẹ́ ká, wọ́n ń retí oúnjẹ.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ìbéèrè kan. Kí ìyá tó bu oúnjẹ, á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Ta ló kù lẹ́yìn?" Àwọn ọmọ á wo ara wọn yíká. Tí ẹnì kan bá ṣì wà lọ́nà, wọ́n á pe orúkọ rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì ní í fọwọ́ kan oúnjẹ títí ẹni náà á fi dé. Tí gbogbo wọn bá ti pé, wọ́n á pariwo lẹ́ẹ̀kan náà: "Kò ku ẹnì kan!" Áà, ariwo yẹn! Mo lè wà nídìí ẹ̀rọ mi, kí n máa ṣẹ́ etí ṣòkòtò, kí n gbọ́ ọ, kí inú mi sì dùn bíi pé èmi ni wọ́n fẹ́ bu oúnjẹ fún. Ẹ̀yin náà ń ṣe dáadáa, mi ò bẹnu àtẹ́ lù yín. Ẹ ní kọ̀ǹpútà, ẹ ní jẹnẹrétọ̀, ẹ ní tíṣà tó ń gba owó oṣù, àwọn ọmọ tẹ́ ẹ̀ ń kọ́ sì ń mókè nínú ìdánwò. Èmi tí mo rí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, mo máa ń jókòó síbí kí n máa wò yín, kí n sì máa dúpẹ́. Ariwo yẹn nìkan ni mi ò gbọ́ mọ́.

Ìgbà Ilé Ọ̀sán yẹn ni obìnrin kan kó wá sílé tó dojú kọ ṣọ́ọ̀bù mi, tí ó sì bá ti Ìyá Ẹgbẹ́ pín ògiri. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni. Ọkọ rẹ̀ ń wakọ̀ láti gáréèjì Utako lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, ó sì máa ń pẹ́ lọ́nà. Ìyàwó Dírẹ́bà la wá ń pe obìnrin náà, nítorí a ò mọ̀ pé ó bímọ. Ẹni jẹ́jẹ́ ni. Tó o bá kí i, á dá ọ lóhùn dáadáa, á wọlé, á sì ti ilẹ̀kùn.

Lọ́jọ́ kan, ìyàwó mi ni Ilé Ọ̀sán kàn. Ilé wa wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, nítòsí igi máńgòrò, ó sì ti so aṣọ mọ́ fèrèsé. Èmi lọ ra òwú ìránṣọ ní ìkóríta. Bí mo ṣe ń padà bọ̀, mo pàdé ìyàwó mi lójú ọ̀nà, ó mú ìpọnbẹ̀ dání, ó ń wo ọ̀tún wo òsì.

"Bàbá wọn, àwọn ọmọ dà?"

"Àwọn ọmọ wo?"

"Gbogbo wọn! Ẹ̀wà mi ti ń tutù, mi ò rí ẹyọ ẹnì kan!"

Ìgbà náà ni mo gbójú sókè, tí mo rí i. Ìyàwó Dírẹ́bà ti fọ ìró rẹ̀, ó sì sá a sórí ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àǹkárá pupa rúsúrúsú ni. Àgbébọ̀ àtàwọn ọmọ rẹ̀ ni wọ́n yà sí i. Kò sẹ́ni tó ti rò ó rí pé ẹlòmíràn lè ní irú aṣọ yẹn ní Jikwoyi.

A sáré débẹ̀. Bàtà wẹ́wẹ́ kún ẹnu ọ̀nà. Nínú pálọ̀, àwọn ọmọ ti jókòó sórí ẹní, wọ́n ti fi omi mímu obìnrin náà fọ ọwọ́, wọ́n ká ẹsẹ̀ kò, wọ́n ń wò ó lójú. Òun dúró láàárín wọn pẹ̀lú abọ́ gàrí tó fẹ́ fi ṣe oúnjẹ ara rẹ̀. Ó rí wa, ó ní, "Ẹ gbà mí o. Ta ló ni gbogbo ọmọ wọ̀nyí? Wọ́n kàn wọlé ni, wọ́n ní ẹ káàsán mà!"

Ẹ̀rín ti fẹ́ bọ́ lẹ́nu ìyàwó mi. Ṣùgbọ́n kó tó ṣàlàyé, Ladi dìde. Ọmọ Gbàgyi ni Ladi, òun ló dàgbà jù nínú wọn, ó sì gbọ́ Yorùbá ju àwọn ọmọ wa míì lọ. Ó rò pé ìyá náà kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni. Ó ní, "Màmá, ẹ máa kọ́kọ́ bi wá ni. Ẹ jẹ́ kí n bá yín bi wọ́n." Ó kọjú sí àwọn tó kù. "Ta ló kù lẹ́yìn?"

"Kò ku ẹnì kan!"

Ohùn tín-ín-rín kan sì dáhùn láti ẹ̀yìn kọ́tìnnì yàrá: "Ó ku èmi."

Gbogbo wọn bojú wẹ̀yìn. Ohùn náà tún wá, ó le díẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. "Ó ku èmi o. Mojí ni."

"Kai!" ni Ladi wí, ó sì ká kọ́tìnnì náà sókè kẹ́nikẹ́ni tó lè dá a dúró. Ọmọbìnrin kan jókòó sórí mátíràsì nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Wọ́n di irun rẹ̀ dáadáa, wọ́n fi òróró pa á lára, aṣọ tó mọ́ ló wọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì rọ, wọ́n sì tín-ín-rín, ó ká wọn sábẹ́ ara. Ó ń wo gbogbo àwọn ọmọ náà, ojú rẹ̀ ń dán. Nígbà tó dàgbà ló sọ fún mi pé ọjọ́ tí Ilé Ọ̀sán bá ti wà lọ́dọ̀ Ìyá Ẹgbẹ́, òun máa ń gbọ́ ìbéèrè náà láti ẹ̀yìn ògiri, òun sì máa ń dáhùn, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń gbọ́ tòun.

Ìyá rẹ̀ já kọ́tìnnì sílẹ̀. "Ẹ jáde," ló wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáde nílé mi."

Àwọn ọmọ ṣa bàtà wọn, wọ́n jáde. Nírọ̀lẹ́, ìyàwó mi lọ tọrọ àforíjì. Obìnrin náà kò jẹ́ kó wọlé, ṣùgbọ́n ó sọ̀rọ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó ní níbi táwọn ti ń bọ̀, àwọn alájọgbélé ní kí àwọn gbé ọmọ náà kúrò níwájú wọn, kí àrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ má baà ran ọmọ tiwọn. Ó ní ilé-ìwé tí òun gbé e lọ, ọ̀gá ibẹ̀ kò tilẹ̀ jẹ́ kí òun jókòó. Òun ti búra pé ẹnikẹ́ni kò tún ní í fi ojú bẹ́ẹ̀ wo Mojí mọ́. "Tí bàbá rẹ̀ bá ti dé lópin ọ̀sẹ̀, a ó kó lọ."

Ẹ wò ó, ẹ̀yin ọmọ mi, inú mi bàjẹ́. Tí wọ́n bá kó lọ, ẹ̀yìn kọ́tìnnì míì ni wọ́n ń gbé ọmọ yẹn lọ. Á máa gbọ́ ìbéèrè àwọn ẹlòmíràn láti ẹ̀yìn ògiri títí á fi dàgbà.

Àwọn obìnrin ṣe ìpàdé. Ẹnì kan ní kí wọ́n rán pásítọ̀ sí i, ẹnì kan ní lańlọ́ọ̀dù ni kó bá wọn sọ̀rọ̀. Ìyá Ẹgbẹ́ gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó ní, "Kò sẹ́ni tó máa lọ bẹ̀ ẹ́. Wọ́n ti wò ó tó. Ẹ gbé aṣọ fún un."

"Kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́," ni ẹnì kan wí.

"Ṣé ẹni tí gbogbo ọmọ wa ti jókòó sórí ẹní rẹ̀ lẹ ní kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́?"

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyàwó mi ká aṣọ náà, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e lọ, ó ní, "Ìwọ ló kàn lónìí. Oúnjẹ ti wà lórí iná nílé Ìyá Ẹgbẹ́, a óò gbé e wá." Obìnrin náà wo aṣọ, ó wo ìyàwó mi, ó gbà á. Ó ti ilẹ̀kùn.

Mi ò rán nǹkan gidi kan lọ́jọ́ náà. Ẹsẹ̀ mi wà lórí ẹ̀rọ, ojú mi wà lára ògiri yẹn. Oòrùn kan àtàrí, ògiri ṣófo. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í dé láti ilé-ìwé, wọ́n ń wo òkè, wọ́n ń wo fèrèsé, wọ́n kọjá lọ sísàlẹ̀, wọ́n tún padà. Wọn ò rí aṣọ kankan. Wọ́n dúró sójú ọ̀nà, wọn ò mọ ibi tí wọ́n máa yà sí. Ìyá Ẹgbẹ́ àti ìyàwó mi ti gbé ìkòkò dé ẹnu géètì, àwọn náà dúró. Mo ní nínú ara mi pé ó ti kọ̀ ọ́. Òun lẹni àkọ́kọ́ tó máa kọ̀ ọ́.

Ọmọ tó kéré jù nínú wọn, tí báàgì rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wọ́ nílẹ̀, òun ló rí i. "Òun nìyẹn!" ló pariwo, ó sì na ọwọ́. Nísàlẹ̀ ni. Lára irin ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó sún mọ́ ilẹ̀ jù ni wọ́n so ó mọ́, wọ́n so ó wọ́gọwọ̀gọ, ìdajì rẹ̀ ń gbá eruku. Mojí sì jókòó tì í. Ìyá rẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé níbi tó ti ń di ẹrù, ó fi aṣọ sílẹ̀ lórí àga, ọmọ náà fà á wálẹ̀, ó wọ́ ìdí jáde sójú oòrùn, ó sì so ó síbi tí ọwọ́ rẹ̀ dé.

Ìyá rẹ̀ gbọ́ ariwo, ó sáré jáde. Ó rí ọmọ rẹ̀ níta. Ó rí gbogbo wa. Ó rí aṣọ náà. Ó lóṣòó, ó tú okùn rẹ̀. Ìyàwó mi mí kanlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì. Obìnrin náà gbọn eruku kúrò lára aṣọ, ó gbọn ọ́n dáadáa. Ó wá tún so ó padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀, lára irin ìsàlẹ̀ yẹn gan-an, ó sì fún okùn náà le.

Ó dìde. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún. Ó ní, pẹ̀lú ohùn Ìjẹ̀bú rẹ̀ yẹn, "Ta ló kù lẹ́yìn?"

Gbogbo wọn kọjú sí Mojí, wọ́n ń dúró dè é.

"Kò ku ẹnì kan!" ni Mojí wí. Wọ́n gbọ́ ọ dé ìkóríta.

Wọn ò kó lọ mọ́. Ìyá Mojí la wá ń pè é láti ọjọ́ náà. Bí Mojí ṣe dé ilé-ìwé ní ìtàn tirẹ̀. Ọ̀gá ilé-ìwé kọ́kọ́ ní kò sí àyè, àwọn obìnrin wa sì lọ jókòó síwájú ọ́fíìsì rẹ̀ tàwọn ti iṣẹ́ ọwọ́ wọn, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà, wọ́n ń kí gbogbo àlejò tó bá wọlé, títí àyè fi yọ. Bárò bíríkìlà ni bàbá rẹ̀ fi tì í lọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Bárò náà dojú dé sínú omi ẹrẹ̀, ọmọ náà sì ń rẹ́rìn-ín nínú ẹrẹ̀ tí bàbá rẹ̀ ń sunkún. Káfíńtà wa kan ló wá fi táyà kẹ̀kẹ́ ṣe àga fún un. Láti ìgbà náà, kò sí ilé kan ní Jikwoyi tó tún so aṣọ yẹn sókè. Ìsàlẹ̀ ni gbogbo wa ń so ó sí, kó lè so ó tó bá kan ìyá rẹ̀.

Àǹtí Mojí tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní Orozo, tẹ́ ẹ fìwé pè fún tọ̀la, òun náà ni. Nígbà tá a kọ́ ilé yìí tán, ó yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wá sẹ́nu ọ̀nà, ó gba hámà lọ́wọ́ káfíńtà, ó ní òun fúnra òun ló máa kan ìṣó aṣọ. Ó tẹ ìṣó púpọ̀ dànù kí ọ̀kan tó wọlé. Èyí tó wọlé nìyẹn.

Aṣọ náà wà nínú àpótí mi. Lọ́la, kó tó kí ẹnikẹ́ni nínú yín, ibẹ̀ yẹn ló máa kọ́kọ́ wò.

Ó dáa, mo ti sọ tèmi. Fẹ́mi, kí ló dé tó o dìde? Hẹn-ẹn. Wo bó o ṣe ti mì ín. Gbá a wọlé padà, rọra. Má ṣe dúró gbá a, o máa tẹ̀ ẹ́. Lóṣòó, ọmọ mi. Lóṣòó dáadáa. Ibẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ dé.